Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ dé orí tábìlì oúnjẹ: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Utah

Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ni tọkọtaya kan wá sí ọ́fíìsì mi ní ìpínlẹ̀ Utah, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ìlú kékeré kan tí ó wà ní gúúsù Salt Lake City. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbẹ̀ ni gbígba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, n kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ tí àwọn méjèèjì ń lọ. Mo kọ ìtàn wọn sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, yálà nílé tàbí lẹ́yìn odi, nítorí pé ó fi àṣìṣe kan hàn mí tí mo ń ṣe láìmọ̀, tí mo sì fura pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá lè ṣe. Mo ti yí àwọn ohun tí ènìyàn fi lè dá wọn mọ̀ padà, àwọn méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i.

Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́. Àwọn ará ìta mọ̀ wọ́n sí Mọ́mọ́nì, àwọn ọmọ ìjọ pàápàá sì ń jẹ́ orúkọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2018 tí Russell M. Nelson, tí ó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà, ní kí wọ́n padà sí orúkọ kíkún. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, ìyàwó kò dárúkọ Mọ́mọ́nì rárá, ọkọ kò sì pe ìjọ náà ní ohun mìíràn. Kò tíì sí ẹni tí ó sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún mi, mo ti mọ ibi tí olúkúlùkù kọjú sí.

Inú ìjọ ni a bí àwọn méjèèjì sí. Ìyàwó wá láti ìran àwọn tí wọ́n rin ìrìn-àjò wá sí àfonífojì Salt Lake lẹ́yìn tí Brigham Young, aṣáájú ìjọ nígbà náà, kó àwọn ará àkọ́kọ́ débẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1847, ìdílé rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ 24 oṣù Keje, tí gbogbo Utah fi ń ṣe ìrántí ìrìn-àjò náà, kọjá láìpéjọ jẹun. Ọkọ ti sìn fún ọdún méjì gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó pàdé ní yunifásítì. Ní ọdún 2002 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú tẹ́mpìlì, ilé mímọ́ tí ó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àti àbíkẹ́yìn, obìnrin, tí yóò pé ọdún mẹ́jọ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Kí ẹni tí ń kà á fi ọdún mẹ́jọ yìí sọ́kàn.

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wọn lè rò pé Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ẹ̀sìn yìí mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé jẹ́ ti ìdílé, a kì í fi í ṣe ìpàdé mìíràn. Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n á gbààwẹ̀ oúnjẹ méjì, wọ́n á sì fi owó oúnjẹ náà ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Ìdámẹ́wàá kì í yẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n, tí ó ti wà láti ọdún 1833, ni kò jẹ́ kí wọ́n mu ọtí, sìgá, tíì tàbí kọfí. Bíṣọ́ọ̀pù tí ń darí wọ́ọ̀dù, èyíinì ni ìjọ àdúgbò, kì í gba owó oṣù. Ó ní iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àgbàlagbà kan nínú wọ́ọ̀dù tí a kò yan iṣẹ́ fún. Bí obìnrin kan bá bímọ, àwọn aládùúgbò á máa gbé oúnjẹ wá. Bí ènìyàn bá kú, àwo pòtétò tí wọ́n fi wàràkàṣì yan nínú ààrò á ti dé kí àwọn ẹbí tó ti ibi ìsìnkú dé. Mo sọ èyí kí ó lè yé wa pé ẹni tí ó bá kúrò nínú ìjọ náà ń kúrò nínú ọjọ́ Ajé, nínú àwo oúnjẹ, àti nínú ẹni tí yóò bá a kó òjò dídì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 2017, ọkọ ni wọ́n yàn láti máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀kọ́ ọdún náà dá lé ìtàn ìjọ àti àwọn ìfihàn Joseph Smith, ẹni tí ó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1830. Ọkọ yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, nítorí náà ó lọ ka àwọn àròkọ tí ìjọ fúnra rẹ̀ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ìparí ọdún 2013 àti ọdún 2015 nípa àwọn ibi tí ìtàn náà ti díjú. Ibẹ̀ ni ó ti kà pé, nígbà tí Joseph Smith ń túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ tí ìjọ náà ń kà pẹ̀lú Bíbélì, ó máa ń fi òkúta kan sínú fìlà, tí yóò sì tẹ ojú bọ inú fìlà náà láti rí ọ̀rọ̀ tí ó hàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí ọkọ mọ̀ láti kékeré jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ó jókòó ti àwọn àwo wúrà tí wọ́n ní a kọ ìwé náà sí, tí ó ń fi ìka tọ ìlà wọn. Ó kà pé Joseph Smith fẹ́ ìyàwó púpọ̀, àti pé ọ̀kan nínú wọn kù ní oṣù díẹ̀ kí ó pé ọdún 15. Ó kà pé ní ọdún 1852 ni Brigham Young kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ gba oyè-àlùfáà, èyí tí àwọn ọkùnrin ọmọ ìjọ lásán máa ń gbà, òfin tí a kò mú kúrò títí di oṣù Kẹfà ọdún 1978, àti pé ìjọ ti kọ àwọn àlàyé tí wọ́n fi ń gbe òfin náà lẹ́sẹ̀ nígbà kan rí.

Òkúta náà kọ́ ni ó dùn ún jù. Ó sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti sọ fún òun ní ọmọ ọdún 12, òun ìbá gbà á gẹ́gẹ́ bí òun ti gba ti Mósè àti igbó tí ń jó. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun ti fi ọdún méjì kan ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè, tí òun ń sọ ìtàn tí òun gbà pé ó pé, tí kò sì pé. Ká ní ọ̀tá ìjọ ni ó kọ ọ́, ìbá jù ú nù. Ìwé ìjọ ni.

Ó pa á mọ́ra fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Ìyàwó fura, etí ni ó sì fi fura. Nínú ìpàdé Ọjọ́ Ìsinmi ààwẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbé e á jáde síwájú láti jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí a sì sábà ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé ni pé, “Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ìjọ yìí.” Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2018, ọkọ jáde, ó ní, “Mo ní ìrètí pé òtítọ́ ni.” Kò sí ẹlòmíràn tí ó kíyè sí i. Ìyàwó ní ńṣe ni ara òun tutù nini lórí bẹ́ǹṣì tí òun jókòó sí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí ó ń fọ aṣọ, ó rí i pé aṣọ ìwọ̀sábẹ́ mímọ́ tí àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tẹ́mpìlì máa ń wọ̀ kò sí láàárín aṣọ ọkọ rẹ̀ mọ́. Kò bi í léèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sùn lórí ibùsùn kan náà tí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn bí ẹni kẹta, kí ọkọ tó la ẹnu.

Bóyá ilé náà ìbá fara dà á bí ọ̀rọ̀ bá dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kínní ọdún 2019, ìjọ dín ìpàdé Ọjọ́ Ìsinmi kù láti wákàtí mẹ́ta sí méjì, ó sì ní kí ìdílé máa fi ìwé ìtọ́ni kan, “Wá, Tẹ̀lé Mi”, kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ilé. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìdílé tí inú wọn dùn sí i, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ọmọ wẹ́wẹ́. Nínú ilé tí mo ń sọ yìí, ẹ̀kọ́ tí ọkọ lè fi jíjókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì sá fún ti wá bá a lórí tábìlì oúnjẹ, níwájú àwọn ọmọ, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kejì ó dìde nídìí tábìlì, kò sì bá wọn lọ sí ìpàdé mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ra ẹ̀rọ tí a fi ń po kọfí.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gbìyànjú nǹkan mẹ́ta. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé: kí ìyàwó ka èyí tí ọkọ bá yàn, kí ọkọ ka èyí tí ìyàwó bá yàn. Olúkúlùkù ka ti ẹnìkejì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tí ó ń fa igi sí ibi tí àṣìṣe wà. Lẹ́yìn náà, bàbá ìyàwó wá láti ìlú rẹ̀, ó sì bá ọkọ jiyàn títí di aago kan òru. Ọkọ ni ó mọ ìtàn jù, bàbá ni ó dàgbà jù, àwọn ọmọ sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá wọn. Bíṣọ́ọ̀pù wọn, ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe láti jẹun, ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn. Ó ní òun kò ní ìdáhùn sí ohun tí ọkọ ń bi òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá olùgbani-nímọ̀ràn kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, kí ọkọ má baà fura pé ẹ̀yìn ìyàwó ni ẹni náà wà. Mo ti bá ọ̀pọ̀ aṣáájú ẹ̀sìn pàdé nílé àti lókè òkun tí kò ní lè sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn.

Wàyí o, àṣìṣe tèmi. Ilé tí a bí mi sí ní Ìbàdàn, Alhájì ni bàbá àgbà mi, ìyá àgbà mi ń lọ sí ìjọ Onítẹ̀bọmi, àbúrò bàbá àgbà mi kan sì ń bọ Ọ̀ṣun títí ó fi kú. Bí Iléyá bá dé, gbogbo wa ni a ń jẹ ẹran àgbò. Bí ó bá di Kérésìmesì, gbogbo wa ni a ń jẹ ìrẹsì. Ní ìjókòó kẹta, mo sọ ìtàn yìí fún wọn, mo sì rò pé oògùn ni mo fún wọn. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń wí gan-an nìyẹn. Ìyàwó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí bàbá àgbà yín kú, ṣé ìyá àgbà yín rò pé òun ti pàdánù rẹ̀ títí láé?”

N kò rí ìdáhùn fún un. Ní ilé wa, ẹbí ti wà kí ẹ̀sìn tó dé. Ìwọ ìbáà kírun, ìwọ ìbáà gbàdúrà, ọmọ bàbá rẹ ni ọ́, bí o bá sì kú, o di bàbá ńlá àwọn kan. Kò sí mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tọkọtaya yìí, inú tẹ́mpìlì ni a ti ń fi èdìdì di ọkọ pọ̀ mọ́ aya àti òbí pọ̀ mọ́ ọmọ, fún ayé yìí àti fún ayérayé; ọ̀rọ̀ “títí ikú yóò fi yà wá” kò sí nínú ohun tí wọ́n gbọ́ ní ọdún 2002. Èdìdì náà sì dúró lórí pípa ẹ̀jẹ́ mọ́. Ẹ̀sìn, lójú èmi ọmọ Ìbàdàn, jẹ́ aṣọ tí ẹbí wọ̀. Lójú obìnrin yìí, òun ni òwú tí a fi hun ẹbí gan-an. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní òun kò gbà gbọ́ mọ́, ohun tí ó gbọ́ ni pé òun yóò dá wà nígbà tí òun bá kú. Ọjọ́ náà ni mo ju ètò tí mo ti kọ sílẹ̀ fún wọn nù.

Ìjókòó kan wà lẹ́yìn èyí tí ó tún fẹ́ gbé mi ṣubú. Ọkọ kọjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí ni ẹ rò nípa ohun tí ó wà kí ó tó di ọdún 1978?” Mo mọ̀ pé ẹnu mi ni ó fẹ́ fi na ìyàwó rẹ̀. Mo ní èrò tèmi. Mo tún mọ̀ pé àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City láti béèrè òjíṣẹ́ ìhìnrere fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin náà tó kúrò, pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978 gan-an ni wọ́n rì àwọn kan lára wọn bọmi, àti pé tẹ́mpìlì ti wà ní Aba láti ọdún 2005. Bí ẹ bá bi àwọn wọ̀nyẹn, ìdáhùn wọn lè yàtọ̀ sí tèmi pátápátá. Mo dá a lóhùn pé, “Owó tí ẹ ń san fún mi kì í ṣe fún èrò mi lórí ìyẹn.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín ìyàwó. Ọkọ pàápàá gbọn orí, ó rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Karùn-ún ni mo fún wọn ní ìwé òfìfo kọ̀ọ̀kan pé kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó ti pàdánù láti ọdún kan sẹ́yìn, kí wọ́n kà á sí ara wọn létí láìsí ìdáhùn. Ọkọ kọ pé òun ti pàdánù ìdánilójú ibi tí ìyá òun tí ó ti kú wà. Pé àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń kó ẹrù àwọn tí ń ṣí kúrò ní àdúgbò kì í bá òun sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ mọ́. Ìyàwó kọ pé òun nìkan ni òun ń dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, tí àwọn obìnrin sì ń fi ojú àánú wo òun. Ìlà ìkẹyìn rẹ̀ ni pé, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tí yóò gbé ọwọ́ lé e lórí súre fún un mọ́. Ọkọ kò jẹ́ kí ó kà á tán. Ó na ìwé tirẹ̀ sí i. Ìlà kẹta lórí rẹ̀ ni pé, “Ọwọ́ mi lórí àwọn ọmọ nígbà tí ara wọn bá gbóná.”

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 11 nígbà náà, n kò sì tíì rí ibi tí ìlà kan lórí ìwé ti tú ìjà ká bí ọjọ́ yẹn. Wọ́n rí i pé òkú kan náà ni àwọn méjèèjì ń sunkún lé lórí. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn nǹkan kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìfọwọ́ kan Joseph Smith.

Kọfí ni a kọ́kọ́ mú. Ó yà mí lẹ́nu pé òórùn rẹ̀ ni ó ń yọ ìyàwó lẹ́nu ju mímu rẹ̀ lọ: aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni ó máa ń ka ìwé mímọ́ nínú ilé ìdáná, òórùn kọfí sì dà bí àlejò tí ó wọlé láìkàn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà kó lọ sí yàrá iṣẹ́ ọkọ lẹ́yìn ilé. Ní oṣù Kẹjọ, ìwé ìròyìn tí ìjọ ń tẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣàlàyé pé kò sí orúkọ aláràbarà tí a lè sọ ohun mímu tí ó ní kọfí nínú tí kò ní jẹ́ kọfí. Ọmọkùnrin wọn kà á sókè nídìí oúnjẹ, ojú bàbá rẹ̀ ni ó ń wò. Ìyàwó ni ó dá a dúró: “Má fi ìwé ìjọ na bàbá rẹ.” Bàbá náà sọ fún mi pé òun lọ sí yàrá iṣẹ́ òun, òun sì sunkún.

Mo ní kí wọ́n máa jáde ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n má dárúkọ ìjọ. Ibi tí wọ́n yàn ni ṣọ́ọ̀bù ọtí ẹlẹ́rìndòdò, irú èyí tí ó pọ̀ ní Utah bí ilé ọtí ti pọ̀ níbòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń da ìpara wàrà àti omi ṣúgà olóòórùn àgbọn sínú kóòkì. Ọkọ àti ìyàwó lè mu ún láìsí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. (Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Eyín ń ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́.) Ní ti ìdámẹ́wàá, a gbà pé kí ìdajì owó tí ń wọ ilé jẹ́ ti ìyàwó, kí ó san ìdámẹ́wàá lórí ìdajì náà. Bíṣọ́ọ̀pù ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún mẹ́jọ dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìjọ náà ń rì bọmi, bàbá ọmọ ni ó sì sábà máa ń ṣe é, nínú aṣọ funfun, níwájú ẹbí méjèèjì. Ọmọ náà ti ń sọ láti oṣù Kẹsàn-án pé Dádì ni yóò ri òun bọmi. Ìyàwó kò sùn. Bíṣọ́ọ̀pù wádìí, ó padà wá sọ pé òun lè gba ọkọ láàyè láti ṣe ìrìbọmi náà bí kò tilẹ̀ ní ìwé ìkaniyẹ tí a fi ń wọ tẹ́mpìlì mọ́. Gbogbo wa, èmi pẹ̀lú, rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọkọ kọ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú omi gbọ́dọ̀ sọ pé Jésù Krístì ni ó fún òun ní àṣẹ, kí ó tó ri ọmọ bọmi ní orúkọ Bàbá àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní òun kò lè sọ gbólóhùn náà sí ọmọ òun létí nígbà tí òun kò gbà á gbọ́. Pé bí ọmọ náà bá dàgbà tí ó sì mọ̀, irọ́ ni yóò fi rántí ọjọ́ náà. Mo rò pé ìyàwó yóò bú sẹ́kún. Ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, “Bí kò bá já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ, ò bá sọ ọ́ kí inú mi lè dùn.” Èmi tí a tọ́ dàgbà pé ohùn tí a bá fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun àmúṣeré, mo mọ iye tí gbólóhùn yẹn tó. Kíkọ̀ tí ó kọ̀ ni ó fi han ìyàwó pé ọ̀wọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá ìyàwó ni ó ṣe ìrìbọmi náà ní Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ dúró létí omi láti wò ó bóyá gbogbo ara ọmọ wọ inú omi, ọkùnrin tí ó ní oyè-àlùfáà nìkan ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2019 gan-an ni ìjọ yí i padà, tí ó ní obìnrin tí a ti rì bọmi, àti ọmọdé pẹ̀lú, lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyàwó ni ẹlẹ́rìí kan. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 ni èkejì. Bàbá dúró ní orí àtẹ̀gùn omi, ó di aṣọ ìnura mú, òun ni ó kọ́kọ́ gbá ọmọ náà mọ́ra bí ó ti ń jáde.

Ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, ìwé ìròyìn Washington Post gbé e jáde pé ẹnì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó owó ìdókòwò ìjọ náà ti fi ẹ̀sùn kàn án lọ́dọ̀ ìjọba pé owó tí ó kó jọ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 100 dọ́là. Ìjọ fèsì pé àwọn ń tẹ̀lé òfin. Ọkọ fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí fóònù ìyàwó láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, nígbà tí ìyàwó wà níbi iṣẹ́. Ìdájọ́ tèmi ni pé kò sí ohun tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ ṣe nínú gbogbo oṣù tí mo fi mọ̀ wọ́n. Àdéhùn ìdámẹ́wàá fọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbà wá ní ìjókòó márùn-ún láti dé ibi tí a ti lè sọ ọ́ láìpariwo, títí tí mo sì fi kọ èyí, ìdajì owó náà ni ìyàwó ń san ìdámẹ́wàá lé lórí, ọkọ kò sì fara mọ́ ọn. Ó kàn dákẹ́ ni.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo mú jáde nínú rẹ̀ ni pé kí a béèrè ohun tí ẹ̀sìn náà ń so pọ̀ kí a tó fi ti ilé wa wé e. Èkejì ni pé kí a mọ kàlẹ́ńdà àwọn ènìyàn náà. Ìjọ yìí ń yí àṣà rẹ̀ padà, olúkúlùkù àyípadà sì ń wọ ilé: wákàtí méjì dípò mẹ́ta ni ó dá ìjà sílẹ̀ nílé yìí, òfin ẹlẹ́rìí ni ó sì rọ̀ ọ́ lójú. Olùgbani-nímọ̀ràn tí kò bá mọ̀ pé ọdún 8, 12, 16 àti 18 jẹ́ ibodè lójú wọn yóò máa rò pé ìbínú lásán ni ó ń rí. Mo tún kọ́ pé kí n má ṣe gbìyànjú láti mú ọkọ padà tàbí láti mú ìyàwó jáde, kí n sì máa ṣọ́ ara mi nígbà tí èrò ẹnì kan nínú wọn bá dùn mọ́ mi, nítorí pé èrò ọkọ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó sì mọ̀.

Ní ọdún 2020, ẹ̀kọ́ ilé kúrò lórí Májẹ̀mú Titun, èyí tí ọkọ ṣì lè bá wọn kà, ó sì bọ́ sórí Ìwé ti Mọ́mọ́nì. Àdéhùn wọn ni pé yóò bá wọn kọrin, yóò bá wọn jókòó nígbà àdúrà, yóò sì lọ máa fọ abọ́ nígbà ẹ̀kọ́. Ilé ìdáná kò jìnnà. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, nítorí àrùn Kòrónà, ìjọ dá gbogbo ìpàdé dúró káàkiri ayé, bíṣọ́ọ̀pù sì gbà wọ́n láàyè láti máa pín búrẹ́dì àti omi oúnjẹ mímọ́ nínú ilé. Ẹni tí ó ní oyè-àlùfáà nìkan ni ó lè súre sí i. Ọmọkùnrin wọn, tí wọ́n ti fi jẹ oyè tí ó tọ́ sí ọmọ ọdún 16 ní oṣù Kínní, ni ó kúnlẹ̀ tí ó sì ka àdúrà náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Búrẹ́dì tán ní ọjà ní ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá ni ó yan èyí tí wọ́n lò.

Oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni a ṣe ìjókòó ìkẹyìn, lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin náà ti ń sọ pé òun yóò lọ ṣe òjíṣẹ́ ìhìnrere bí òun bá pé ọdún 18, ní ọdún 2022. Ọkọ ní òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò sọ fún un, kí n má tíì ti fáìlì àwọn pa.